Bí Ikú Ilé Kò Bá Pani: Èrò Wa Lórí Àìsàn Lupus

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí òwe yìí nínú ẹran ara, kí ó wo àìsàn tí wọ́n ń pè ní lupus. Ọlọ́run fi ọmọ ogun sínú ara wa kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun náà ni wọ́n ń yíjú ìbọn sí onílé. Wọ́n á kọlu oríkèé, awọ ara àti kíndìnrín, nígbà mìíràn ọkàn àti ọpọlọ. Ó ń ṣe ọkùnrin, ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ń ṣe, bí mẹ́sàn-án ni obìnrin, pàápàá láàárín ọmọ ọdún 15 sí 44. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọjọ́ orí tiwa gan-an nìyẹn.

Ní Woji níhìn-ín, níbi tí wọ́n gbé tọ́ wa dàgbà, bí oríkèé ọmọbìnrin bá ń wú, tí irun rẹ̀ ń já, tí ibà kò sì kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kí ó lo oògùn tó, ohùn méjì la máa ń gbọ́. Èkíní ní: “Àfiṣe ni, ẹ gbé e lọ sí ilé àdúrà.” Èkejì ní: “Ó wà nínú ìdílé ìyá rẹ̀, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ.” Àárín àwa ọmọ Yorùbá ni ohùn kejì ti máa ń ròkè jù, nítorí pé ìwádìí ìdílé kí ìgbéyàwó tó wáyé jẹ́ àṣà wa. Èrò tiwa ni pé ohùn méjèèjì ń ṣe aláìsàn níkà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wò. Irọ́ kọ́ ni pé ìdílé lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ìbejì ni ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ìbejì ni a ó fi wọn ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992, bí lupus bá mú ọ̀kan nínú ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo bí, tí wọ́n jọra délẹ̀, bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó mú ẹnìkejì. Láàárín ìbejì tí kò jọra délẹ̀, ìdá 2 péré ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan, kí ló dé tí Táíwò fi ń ṣàìsàn, tí ara Kẹ́hìndé sì le koko?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Jíìnì tó ń fa lupus kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n pọ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn, tó ń mú kí lupus tètè mú ènìyàn, ni ó ń gba ọmọdé lọ́wọ́ akọ ibà ní Kenya. Ẹ ò rí i pé ó jọ ọ̀rọ̀ AS àti SS tí gbogbo wa mọ̀? Ohun tí ẹ ń pè ní ẹ̀jẹ̀ burúkú lè jẹ́ ohun tó dá ẹ̀mí àwọn baba ńlá wa sí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. A lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ AS kí a tó ṣègbéyàwó. Kò sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún lupus, ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí ìyá tó ní lupus bá bí ni kì í sì í ní in. Kí wá ni olùwádìí ìdílé ń wá?

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìgbé ayé àti àyíká. Ìbàdàn ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1968, Brian Greenwood, dókítà ará Ìlú Ọba tó ṣiṣẹ́ ní UCH, kọ̀wé pé nínú 98,454 aláìsàn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn láti 1957 sí 1966, 104 péré ni irú àìsàn tí ara fi ń bá ara jà yìí ṣe. Ó fura pé ibà àti aràn tó ń dà wá láàmú ló ń kó àwọn ọmọ ogun ara wa níjàánu. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ibà sára eku tí wọ́n bí àìsàn tó jọ lupus mọ́, àìsàn náà sì rọlẹ̀. Ẹ wá wo àwọn obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa. Lupus ń ṣe wọ́n ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju obìnrin funfun lọ. Ìran kan náà, àyíká ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn Ìbàdàn yìí bí ọmọ burúkú kan: ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìsàn òyìnbó ni, wọn kò sì wá a mọ́. Ẹni tí kò wá nǹkan, báwo ni yóò ṣe rí i? Ní 2009, dókítà méjì tẹ ìwádìí wọn jáde láti Èkó: nínú 1,250 aláìsàn oríkèé, 66 ló ní lupus, 63 nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Àní Seal, olórin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olúṣẹ́gun, lupus awọ ara ló fi àpá sí i lójú, tí àwọn kan ń pè é ní ilà.

Kí ni ká ṣe? Ènìyàn kò lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tún ìwà rẹ̀ ṣe. Sìgá ń dá kún un, ẹ jù ú nù. Oòrùn gangan ń ru ú sókè, kí ẹni tó ní in máa fi aṣọ bora. Eruku òkúta àti iyanrìn wà nínú ohun tó ń fà á; kí àwọn tó ń fi iyanrìn fọ irin ní Trans-Amadi tó múlé gbè wá máa bo imú. Kírímù abóra tí mákúrì wà nínú rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín yìí kan náà sì ni lupus ń dọdẹ. Bí oríkèé bá ń dùn láàárọ̀, tí ara ń sú lórí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìyẹ́ labalábá, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí ìtọ̀ ń hó, ẹ má ra oògùn ibà nígbà kẹta. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Oògùn wà: hydroxychloroquine, àbúrò chloroquine tó máa ń mú ara yún àwọn òbí wa, wà lára èyí tí wọ́n fi ń tù ú lójú. Kì í wò ó tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè dé ibẹ̀ lè kàwé jáde, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì bímọ.

Kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ó gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kí ẹni tó ń wádìí ìdílé wádìí ìwà, kí ó fi oríkèé ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Àìsàn yìí kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. A sì ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n pe dókítà oríkèé wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé kan ní sáà yìí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.