Ọ̀rọ̀ Káńsù, Ọ̀rọ̀ Ilé Ìdáná Ni

 

Ìwé kan tí mo rí gbà ní oṣù tí ó kọjá ni ó fa ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ìyàwó ilé kan ni ó kọ ọ́. Ata àti tòmátì ni ó ń tà. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí, àbíkẹ́yìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní káńsù wọn ṣe ìpàdé, wọ́n sì fi ẹnu kò pé owó ìsọ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ ni gọ́tà iwájú ìsọ̀ wọn ti dí láti èṣí, tí omi ẹlẹ́gbin ń ṣàn wọ inú ọjà. Nígbà tí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ rí káńsẹ́lọ̀, ọkọ dáhùn pé, "Kí ni obìnrin ń wá ní káńsù? Jókòó ti ata rẹ." Ó wá bi mí pé, "Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ ni?"

Ọmọ mi, o kò ṣẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹni tí ó ń san owó ìsọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá pé ọdún 15 ti di ẹni tí ń san án, ọmọkùnrin kò sì ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí ó bá pé ọdún 16. Aláké ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé àṣẹ ìlú lé lọ́wọ́, kò sì sí obìnrin kan ní ibi tí wọ́n ti ń pinnu bí wọn yóò ṣe ná owó náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà.

Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Wọ́n fetí sí ẹ̀dùn ọkàn wọn. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aláṣẹ léraléra. Nígbà tí a kò dá wọn lóhùn ni wọ́n kọ̀ láti san owó orí. Ní ìparí oṣù November 1947, àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 kóra jọ síwájú Ààfin, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní 1948, a dá owó orí obìnrin dúró. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, kò sì padà títí di òpin 1950. Nínú ìgbìmọ̀ tuntun tí a yàn, obìnrin mẹ́rin jókòó.

Kí ọkọ rẹ sì gbọ́ èyí: Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School, kò dá aya rẹ̀ dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó wà.

Lóde òní, Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ọjà, gọ́tà, ààtàn àti ojú títì àdúgbò sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ní 11 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà, àti pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni kí ó máa ṣe àkóso níbẹ̀. Nítorí náà, gọ́tà tí ó dí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Iṣẹ́ wọn ni.

Èyí ni ìmọ̀ràn mi. Má ṣe dá lọ. Ẹ jọ lọ bá ìyálọ́jà yín, kí ó ṣáájú. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí káńsù tún máa jókòó, kí káńsẹ́lọ̀ yín lè gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn. Ẹ ní kí wọ́n kó gọ́tà kí wọ́n tó fi kún owó. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò já rìsíìtì.

Ní ti ọkọ rẹ, má bá a jà. Dúró di ìgbà tí ó bá jẹun tán, tí ara rẹ̀ balẹ̀. Fi ìṣirò hàn án: iye tí o ń pa lójúmọ́, iye tí ìsọ̀ yóò mú lọ, àti èyí tí yóò ṣẹ́kù fún ìwé àwọn ọmọ. Bí ó bá rí i pé oúnjẹ ilé ni káńsù ń bù, òun fúnra rẹ̀ lè sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Kọ̀wé sí mi padà, kí n gbọ́ bí ó ti rí. Ó di oṣù tí ń bọ̀.