Epo Kò Lè Sọ Ike Ọkọ̀ Di Tuntun

Ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà Tchaada ní ọjọ́ ọjà, kí ẹ wo àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti lò ní Yúróòpù tàbí ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọ̀nú. Ara irin wọn lè máa dán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́ńpà wọn, ẹ wo ike tí ó yí ojú táyà ká. Ó ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara ra ara nínú ọyẹ́.

Kí ni a máa ń ṣe sí i? A ó bu epo pupa, tàbí ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò, a ó fi àkísà nù ún. Ike náà yóò dúdú, inú wa yóò dùn. Kò ní pẹ́ tí erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn, òjò yóò sì fọ ìyókù lọ. Mo ti rí ẹni tí ó fi iná jó ike lérèfé kí ó lè dúdú. Lóòótọ́ ó dúdú, ṣùgbọ́n apá kan yọ́ bí ìda.

Èmi kò fara mọ́ ọ̀nà wọ̀nyí. Oòrùn ni ó ba ike náà jẹ́. Inú ike dúdú gan-an ni ilé iṣẹ́ ti po àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọn kò kùn ún. Ìtànṣán oòrùn ń ba òkè rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹfun. Ẹfun yìí gbọ́dọ̀ kúrò kí ọ̀dà tó lè dì mọ́ ike. Ẹni tí ó bá kun ọ̀dà lé e lórí, tí ọ̀dà sì bó, kí ó má bú ọlọ́dà.

Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, pàápàá bí ẹ bá ti fi epo pa á rí. Ẹ fi sáńpépà tí ó kúnná ha á, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ tún fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí ẹ fi ọtí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kí ó tó gún abẹ́rẹ́ nù ún. Ẹ má fi ẹsáńsì inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà nù ún o! Iná kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún ike, nítorí ike bọ́ńpà ń yọ̀, ọ̀dà lásán kì í dì í mú.

Ibí ni ìwé kíkà ti wọ̀ ọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí lára agolo: plastique. Èdè Faransé ni, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀ ni ẹ ti mọ̀. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí ẹ ó dúró kí ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Kí ọ̀dà náà fẹ́lẹ́, nítorí bọ́ńpà a máa tẹ̀, ọ̀dà tí ó bá nípọn yóò sán.

Ẹnì kan lè ní kí a kúkú tà á sí Nàìjíríà. Ṣé ẹ ti gbàgbé? Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni wọ́n ti ní kí ọkọ̀ má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 wọ́n ti ẹnubodè pa, Ìdí-Ìrókò tí ó kọjú sí Ìgòlò wa kò sì ṣí títí di ọdún 2022. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ ń dùn mí jù. Aládùúgbò mi kan fi owó àgbàdo ra ọkọ̀ tí bọ́ńpà rẹ̀ ń dán. Nígbà tí ọ̀dà bó, a rí ibi tí ó ti là tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ẹni tí ó tà á ní òun kò purọ́, wọn kò bi òun ni. Lójú tèmi, irọ́ ni. Kun ọkọ̀ rẹ kí o sì tà á, ṣùgbọ́n sọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́ńpà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọn kì í sábà kùn.

Ẹni tí ó bá ti ra ọ̀dà, kí ó mú agolo náà wá sí kíláàsì ní ọjọ́ Ẹtì. A ó jọ ka ara rẹ̀ kí ó tó ṣí i.