Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Òru Kí Ẹ Tó Yí Iṣẹ́ Padà

Ní oṣù kejì ọdún 2024, NMCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, gbé ìwé kan jáde. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí àjọ náà jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí òun fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni òfin náà máa bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù kejì tó parí, àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé páálí dání, wọ́n ń ṣe ìwọ́de l'Ábújá àti l'Ékòó.

Mi ò wá dá ẹjọ́ jápa o. Ẹni tó ní kí nọ́ọ̀sì dúró ní ọ̀rọ̀ sọ: wọ́ọ̀dù ń ṣófo. Ẹni tó fẹ́ lọ náà ní ọ̀rọ̀ sọ: owó oṣù ò gbọ́ bùkátà. Ohun tó ká mi lára ni ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà. Lọ́jọ́ tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àṣẹ ló ti jẹ́, kì í ṣe àbá.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n fi abala 36 ìwé òfin ọdún 1999 kọ́ wa, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lóòótọ́, abala yẹn kò bá mẹ́mò ọ̀gá níbi iṣẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò mọ sí kóòtù. Àyípadà tí ọ̀gá ṣe láìgbọ́ tẹnu ẹni tó máa fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà, ẹjọ́ apá kan ló dá.

Àwọn oníṣòwò náà ò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà, àwọn báǹkì ńlá mélòó kan nílẹ̀ yìí pààrọ̀ sọ́fítíwíà tó gbé gbogbo iṣẹ́ wọn ró. Ṣebí ẹ ò tíì gbàgbé? Áàpù ò ṣí. Owó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ta ló gba èébú? Kì í ṣe ọ̀gá tó fọwọ́ síwèé. Ọmọ tó jókòó sí káńtà ni, òun tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè nǹkan kan.

Tí báǹkì bá ṣì í ṣe, owó ṣì lè padà. Wọ́ọ̀dù ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ilé ìwòsàn tó fẹ́ fi káàdì sílẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Lójú ọ̀gá, gbólóhùn kan ni: "Láti ọjọ́ Ajé, kò sí bébà mọ́." Lójú nọ́ọ̀sì òru, ìbéèrè ni: bí iná bá lọ láago méjì, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ti fún màmá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin lábẹ́rẹ́? Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ló wà fún ọgbọ̀n aláìsàn, ta ló máa dúró tì í? Ohun tó máa ṣe ò ṣòroó mọ̀. Á kọ ọ́ sórí àjákù bébà, á fi sápò, á wá dà á sórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Ọ̀gá á máa rò pé bébà ti tán, kò mọ̀ pé àpò aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀. Láàárín bébà àti kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n ti lè fún aláìsàn ní oògùn lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí wọ́n má fún un rárá.

Ní 2009, àbájáde ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ lágbàáyé. Wọ́n dán ìwé kan wò tí àjọ ìlera àgbáyé ṣe: nǹkan 19 tí dókítà àti nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò pọ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Ikú lọ sílẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2014, àwọn mìíràn yẹ ilé ìwòsàn 101 wò ní Ontario, ní Kánádà, níbi tí ìjọba ti ní kí wọ́n máa ròyìn bí wọ́n ṣe ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti 0.71 sí 0.65 ni, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Lóòótọ́, ikú ti kéré níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ ni pé àṣẹ lè mú kéèyàn fàmì sí bébà, kò lè mú kó gba ohun tó wà níbẹ̀ gbọ́.

Àwọn tó kàwé nọ́ọ̀sì mọ orúkọ Kurt Lewin dáadáa. Ó ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni àyípadà ní: yọ́ ohun tó ti dì, tún un ṣe, jẹ́ kó dì padà. Ẹni tó bá mọ òrí mọ ohun tó ń sọ. Tí òrí bá dì sínú ìgò, oòrùn là ń gbé e sí. Àwọn ọ̀gá wa ò ní sùúrù oòrùn, ìgò ni wọ́n ń fọ́.

Ọ̀gá á ní: "Tí mo bá ní kí n bi gbogbo èèyàn, a ò ní kúrò lójú kan." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan kórìíra kọ̀ǹpútà torí pé bébà ló ń bo owó tí wọ́n ń gbà lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn béèrè ọ̀rọ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ń tọrọ àyè. Ọ̀gá ló ṣì máa pinnu.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́. Àkọ́kọ́, kí àbá dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó kéré jù kó tó di àṣẹ, kí wọ́n sì fèsì sí ohun tó bá sọ. Ìkejì, kí wọ́n dán an wò ní wọ́ọ̀dù kan tàbí ẹ̀ka kan, tọ̀sán tòru. Ìkẹta, kí ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ tó lágbára láti sọ pé "ẹ dúró ná", láìjẹ́ pé wọ́n ní kó wá wí tẹnu ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ náà ńkọ́? Tí mẹ́mò bá dé, ẹ má kàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà mẹ́ta: ibi tó máa bàjẹ́, ẹni tó máa pa lára, ohun tẹ́ ẹ rò pé a lè ṣe. Ẹ fi ṣọwọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ọ̀gá tó bá ka ìlà mẹ́ta yẹn tí kò yé e, kó wá ṣe iṣẹ́ òru kan ní wọ́ọ̀dù kó tó fọwọ́ síwèé.