Igún ń tán nílùú: kí ni ará Bantè àti Savalou lè ṣe sí i?

Tí wọ́n bá ní ká dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ nìyẹn, tàbí ọ̀rọ̀ igbó Agoua lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan wà tó jẹ́ pé àárín ìlú ló ti ń wá oúnjẹ: igún. Ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ẹ̀yìn ọjà, orí ààtàn, ibẹ̀ lẹ ó ti bá a. Ẹ bi àwọn àgbà tó dàgbà sí Bantè tàbí Savalou: nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, igún mélòó ló máa ń bà tí wọ́n bá pa màlúù? Ẹ wá bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n rí lọ́dún yìí.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Láti ọdún 2015 ni àjọ UICN ti ka igún mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa rẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, nínú igún mẹ́wàá tó wà ní Áfíríkà, ó lé ní mẹ́jọ tó ti lọ. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, torí náà èyí tó bá kú kì í tètè ní àrọ́pò.

Májèlé ló ń pa wọ́n jù. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ní Guinée-Bissau, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa. Wọ́n ti gé orí àwọn kan lọ. Orí yẹn ní ọjà, ní Nàìjíríà àti níbí, ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn àgbà wa ló sì ní igún kì í ṣe ẹyẹ pípa, kì í ṣe ẹyẹ jíjẹ. Àwa ọmọ wọn la wá ń ta orí rẹ̀.

Ẹ wo Íńdíà. Oògùn màlúù kan tó ń jẹ́ diclofenac ló pa igún wọn lọ bẹẹrẹ ní àwọn ọdún 1990. Òkú màlúù kún ilẹ̀, ajá ìgboro pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi náà sì ń bá wọn rìn. Ìjọba fòfin de oògùn náà ní 2006. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ṣírò pé àìsí igún ti fa ikú ènìyàn tó lé ní 500,000 láàárín ọdún márùn-ún.

Kí la wá lè ṣe? Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa bú àwọn oníṣègùn, tàbí kó fa ìyá arúgbó tó ń ta orí ẹyẹ gbígbẹ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bàbá wa ni wọ́n, ìyá wa ni wọ́n. Tí a bá fi ìjà bẹ̀rẹ̀, wọn á kàn gbé e pamọ́ sábẹ́ àtẹ ni. Májèlé ni ká kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tó ra orí igún tí wọ́n fi májèlé pa, tó lọ̀ ọ́ mọ́ oògùn, májèlé náà ló ń mu. Èyí á wọ oníṣègùn létí ju ọ̀rọ̀ òfin lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó di mairie. Kọ́múùnù ló ń bójú tó ọjà àti abattoir, kò dìgbà tí a bá dé Cotonou. Ẹ jẹ́ kí àwọn alápatà, àwọn ìyálọ́jà àti chef quartier jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ lẹ́tà kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i: kí ẹnikẹ́ni má fi májèlé ajá tàbí ti eku sílẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, kí wọ́n máa sin ẹran tí májèlé bá pa, kí wọ́n má jù ú sí ààtàn, kí wọ́n sì bi aráàdúgbò kí wọ́n tó gé àràbà tàbí igi ńlá mìíràn, torí orí igi gíga ni igún ń kọ́ ìtẹ́ sí.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó gba ọ̀nà Bassila lọ sí Kikélé. Nínú igbó òrìṣà kékeré kan níbẹ̀, àwọn ará abúlé ń dáàbò bo ẹdun, ọ̀bọ dúdú-funfun tí a fi ń ki ìbejì. Ẹdun yìí náà ti fẹ́ parẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àmọ́ ìlú fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀ pé a kì í pa á. Láti oṣù kọkànlá 2012 ni ìjọba ti ní àṣẹ kan lórí irú igbó bẹ́ẹ̀. Ẹ bi mairie bóyá igbó òrìṣà tiwa wà nínú ìwé.

Tí ẹ bá rí igún púpọ̀ tó kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ pe àwọn Eaux et Forêts lójú ẹsẹ̀, kí ẹnìkan tó wá gé àwọn orí náà lọ.