Ibojì Bílíkísù Ṣùngbọ́ ní Òkè-Eri

Arábìnrin wa kan ní Ẹ̀pẹ́, tí ó ti wà ní ilé ọkọ fún ọdún púpọ̀ láìrí ọmọ bí, bi wá léèrè bí ó bá tọ́ kí Kristiani bá àwọn ẹlòmíràn lọ gbàdúrà níbi ibojì Bílíkísù Ṣùngbọ́ ní Òkè-Eri. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń rọ̀ ọ́ láti lọ. Ọ̀ràn yìí kan ilé púpọ̀, nítorí náà ni a ṣe ń dáhùn rẹ̀ ní gbangba, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Orúkọ Eredo kò ṣàjèjì ní Ẹ̀pẹ́, nítorí apá kan agbègbè náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Yàrà ńlá àtijọ́ ni Eredo. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, ó sì ga tó 20 mítà ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀. Òkè-Eri wà ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde. Ará Ìkòròdú lè gba ọ̀nà Ṣàgámù dé ibẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé opó ọlọ́rọ̀ ni Ṣùngbọ́, pé kò bímọ, àti pé kí orúkọ rẹ̀ má baà parun ni ó ṣe mú kí a gbẹ́ yàrà náà. Lọ́dọọdún ni Mùsùlùmí, Kristiani àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé òun ni ayaba Ṣébà tí ó bẹ Sólómónì wò. A kò lè bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Bíbélì kò dárúkọ ayaba náà fún wa. Inú ìtàn àwọn Mùsùlùmí ni orúkọ Bílíkísù ti wá. Sólómónì ti wà ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Patrick Darling, tí ó wọn yàrà náà, tí ìròyìn rẹ̀ sì tàn kálẹ̀ ní 1999, kà á sí nǹkan bí 1,000 ọdún. Àwọn tí wọ́n tún wa ilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì sọ pé kò ju nǹkan bí 600 ọdún lọ. Ẹ wo bí àlàfo náà ti gbòòrò tó! Lójú tiwa, obìnrin Ìjẹ̀bú tí a lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rántí kò nílò kí a yá a ní adé Ṣébà.

Níti àdúrà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ní Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Jain ń gun òkè Shatrunjaya ní ẹ̀bá ìlú Palitana, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 3,000, láti dé àwọn tẹ́ḿpìlì tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sì í sùn lórí òkè náà mọ́jú. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn ni pé àwọn olùkọ́ ńlá wọn 24 ti rékọjá ayé, wọn kì í sì í dá sí ọ̀ràn ayé mọ́. Kí ọkàn arìnrìn-àjò lè mọ́ ni ó ṣe ń gòkè. Bí àwọn tí kò mọ Kristi bá lè lọ sí ibi mímọ́ wọn láìtọrọ ọmọ lọ́wọ́ òkú, kí ni ó ń lé àwa?

Kí arábìnrin wa lọ wo Eredo bí ó bá wù ú, kí ó sì mú ìyá ọkọ rẹ̀ dání. Ní 1995 ni a ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé, ó sì yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe bẹ Ṣùngbọ́ fún ọmọ. Bí ìtàn náà bá jẹ́ òtítọ́, Ṣùngbọ́ fúnra rẹ̀ sunkún ohun kan náà, kò sì rí i gbà.

A sì bẹ ìyá ọkọ náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n rọ ọmọkùnrin wọn náà láti bá aya rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí a yẹ àwọn méjèèjì wò. Kì í ṣe ara obìnrin nìkan ni ìdíwọ́ máa ń wà.