Ẹni Tó Bá Fẹ́ Kọ́ Ilé Tà, Kó Kọ́ Ọmọ Wa Níṣẹ́

 

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo gbé wá lóṣù yìí. Ẹ má ní kí ló kan ẹni tó ń ta ata níbẹ̀. Ó kàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó àjọ ra ilẹ̀, tó fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Èmi náà kọ́ méjì. Bíríkìlà tí mo gbà, ẹnu ẹ̀ dùn, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Kò pé ọdún kan tí ògiri là, tí táìsì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ará Tógò ló wá tún un ṣe. Ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, ó fi lẹ́bẹ̀ẹ̀lì wọn ilẹ̀ kó tó tẹ́ ẹyọ kan. Títí dòní, kò sí èyí tó mì. Mo bi í ibi tó ti kọ́ ọ, ó ní ọdún mẹ́ta lòun fi sin ọ̀gá kóun tó gba fírídọ́ọ̀mù. Mi ò bínú sí i, ẹni tó mọṣẹ́ ló ń jẹun. Àmọ́ àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Wọ́n jókòó sí gáréèjì.

Àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì tà ní Lẹ́kì àti Ìbẹ̀jù máa ń ní àwọn ò rí òṣìṣẹ́ gidi. Ta ló kọ́ wọn? Èrè wọn ló wà níbẹ̀ o. Ilé tó bá ti là, ta ni yóò rà á? Ọmọ àdúgbò tó mọṣẹ́ kò nílò ilé gbígbà, kò sì ní sá lọ láàárín iṣẹ́. Ìjọba ní ITF láti 1971, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san náírà 1 nínú 100 owó oṣù wọn síbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ́ òṣìṣẹ́ wọn, òfin gbà kí wọ́n rí tó ìdajì gbà padà.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun à ń méfò. Símẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta 4. Wọ́n á máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ọjọ́ 28 ló fi ń gbó. Ẹ rántí Ìta Fàájì ní March 2019, àwọn ọmọ ilé ìwé tó kú. Ẹ rántí Ìkòyí, November 1, 2021, alájà 21 wó, ó pa ju 40 èèyàn lọ. Kì í ṣe lébúrà nìkan lẹ̀bi wà lọ́rùn ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ á mọ ìgbà tó yẹ kó ní òun ò ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù tuntun tá a fẹ́ kọ́ sẹ́yìn ọjà, èrò tèmi ni pé kí kọngiláátọ̀ tọwọ́ bọ̀wé kó tó gbowó wa, pé yóò gba ọmọ 10 síṣẹ́ kíkọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. A ó dá oúnjẹ ọ̀sán wọn láàárín ara wa. Ẹni tó bá ní ọmọ tó fẹ́, kó mú orúkọ ẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ mi kí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ọmọbìnrin náà lè wá. Táìsì ò ní kí obìnrin má tẹ́ òun.