Ilẹ̀kùn Tí Onílé Kàn Lọ́fẹ̀ẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ilé-ìwé mi kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé Chrome náà kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ilé, Chrome wulẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn tí à ń gbà wọ̀ ọ́ ni. Àwọn ilẹ̀kùn mìíràn ti wà ṣáájú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti jọba rí.

Ní ọdún 1993, Marc Andreessen àti Eric Bina ṣe Mosaic ní Yunifásítì Illinois, ní Amẹ́ríkà. Mosaic ló sọ íntánẹ́ẹ̀tì di ohun tí ará ilé lásán lè lò. Ní 1994, Andreessen àti Jim Clark dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé Netscape Navigator jáde. Kò pẹ́ tó fi gba apá tó pọ̀ jù lọ nínú ọjà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, 1995, wọ́n ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún gbogbo ayé. Dọ́là 28 ni wọ́n dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lé ní 58.

Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Microsoft gbé Internet Explorer dé. Microsoft ló ni Windows, tó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí onílé bá kan ilẹ̀kùn mọ́ ògiri lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò tún wá gbẹ́nàgbẹ́nà lọ?

Kí n má ṣe ojúsàájú: Netscape náà jẹ̀bi. Communicator tó ṣe ní 1997 wúwo, ẹ̀dà kẹfà kò sì dé títí di 2000. Ìjọba Amẹ́ríkà pe Microsoft lẹ́jọ́ ní 1998, adájọ́ sì dá a lẹ́bi ní 2000, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. AOL ti ra Netscape ní 1999; ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, 2008, ó pa á tì pátápátá.

Síbẹ̀, ó fi ọmọ sáyé lọ. Ní 1998, ó ṣí àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún un ṣe. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni Firefox ti jáde ní 2004.

Èyí ni mo sọ fún ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni mo wo fóònù tèmi: Chrome ni mo bá nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á, n kò sì béèrè òmíràn rí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yan ilẹ̀kùn yín fún yín?

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.